Ààrò Kò Gbọdọ̀ Yẹ̀: Èdè Yorùbá àti Ìgbékalẹ̀ Mọ́dábọ́ọ̀dù Nínú Àpótí Kọ̀ǹpútà

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Kì í ṣe iye ààrò nìkan ni òwe yìí ń sọ. Ó ń sọ nípa ìdúró wọn pẹ̀lú. Bí ìyá àgbà kan ní Ìròkò tàbí ní Àkànrán bá fẹ́ gbé ìkòkò kaná, yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ mi ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò. Yóò rí i pé orí wọn dọ́gba, pé ìdí ìkòkò kò kan ilẹ̀, àti pé àyè wà lábẹ́ rẹ̀ fún iná láti jó. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sínú ìwé fún un, síbẹ̀ ó mọ ìdí tí ó fi ń ṣe é, ó sì lè fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ tí ó jókòó tì í.

Irú ìmọ̀ yìí gan-an ni ẹni tí yóò gbé mọ́dábọ́ọ̀dù kalẹ̀ sínú àpótí kọ̀ǹpútà nílò. Mọ́dábọ́ọ̀dù, tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń pè ní bọ́ọ̀dù lásán, ni pátákó pẹlẹbẹ tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà yòókù so mọ́. Orí rẹ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà jókòó lé, òun ni ó gba RAM mọ́ra, òun náà ni ó sì ń pín iná fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà tí ó kù. Bí ó bá jókòó dáadáa, kò sí ẹni tí yóò rántí pé ó wà níbẹ̀. Bí ìdúró rẹ̀ bá yẹ̀, kọ̀ǹpútà lè má tàn rárá, ó lè máa tàn kí ó tún máa kú, ó sì lè bàjẹ́ pátápátá ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan án.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti àwọn oníṣẹ́ ìgboro nìkan. Ní ọdún 2025, Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́fà fún ìpele kékeré ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, títún ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àti fóònù alágbèéká ṣe sì wà lára wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà ni ìjọba yìí fagi lé Ìlànà Èdè Orílẹ̀-Èdè tí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 30, oṣù kọkànlá, ọdún 2022. Ìlànà 2022 ní kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, kí ó sì máa bá Gẹ̀ẹ́sì rìn láti ìpele kékeré sẹ́kọ́ńdìrì. Ìpinnu méjèèjì yìí pàdé lórí tábìlì kan náà. Wọ́n gbé iṣẹ́ ọwọ́ fún ọmọ, wọ́n sì gba èdè tí ọmọ fi ń ronú kúrò lẹ́nu olùkọ́.

Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ẹ̀ka Yorùbá ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kò gbọdọ̀ káwọ́ gbera lórí ọ̀rọ̀ náà. Nínú iṣẹ́ bíi gbígbé mọ́dábọ́ọ̀dù kalẹ̀, ohun tí ó ń dáàbò bo ẹ̀rọ ni ìdí tí ó wà lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èdè tí ó bá yé ọmọ jù lọ ni ó sì yẹ kí wọ́n fi sọ ìdí náà fún un.

Bí mọ́dábọ́ọ̀dù ṣe ń jókòó

Ẹni tí ó bá sọ pé Yorùbá kò lè ṣe irú àlàyé yìí ni kí ó tẹ́tí sí bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí oníṣẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ àpótí lélẹ̀ lórí tábìlì tí ó tẹ́jú, kí inú rẹ̀ kọjú sókè, kí ó sì yọ okùn iná kúrò lára ògiri. Kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù, yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan irin àpótí níbi tí kò sí ọ̀dà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó sọ. Ní ìgbà ọyẹ́, iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ máa ń kó sí ara ènìyàn; òun ni ó máa ń ta ènìyàn pín-ín nígbà tí ó bá bọ́ ẹ̀wù tàbí tí ó bá fọwọ́ kan irin. Ohun tí ó ta ènìyàn lásán yẹn lè pa ẹ̀yà wẹ́wẹ́ tí ó wà lórí bọ́ọ̀dù. Bí ọwọ́ bá ti kọ́kọ́ kan irin àpótí, ara oníṣẹ́ àti àpótí ti di ọ̀kan náà, iná kò tún ní fò láti ara èkíní sí èkejì. Etí bọ́ọ̀dù ni yóò sì máa dì mú, kì í ṣe ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ó kan páànù kékeré tí ó máa ń wà ní ẹ̀yìn àpótí, èyí tí wọ́n dá ihò sí lára ní ìbámu pẹ̀lú àwọn ẹnu tí a ń ki okùn bọ̀. Àwọn bọ́ọ̀dù tuntun kan wà tí páànù yìí ti wà lára wọn láti ilé-iṣẹ́. Èyí tí kò bá sí lára bọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ ṣáájú bọ́ọ̀dù wọlé, nítorí pé láti inú ni wọ́n ti ń tì í síta. Bí bọ́ọ̀dù bá ti jókòó tán, kò sí ọ̀nà mọ́. Ọ̀pọ̀ ni ó máa ń fojú kéré páànù yìí tí wọ́n sì ń sọ ọ́ nù. Ní ìletò oko, ihò tí wọ́n bá fi sílẹ̀ báyìí di ẹnu ọ̀nà fún ọmọńlé, aáyán àti erùpẹ̀ pupa ojú ọ̀nà. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí eku wọ àká, yóò dí ihò àká.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni ó gba ọgbọ́n jù lọ, ibẹ̀ sì ni ààrò ti wọ ọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ sùn lé irin àpótí. Ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún ojú òjé wẹ́wẹ́ tí iná ń gbà kọjá. Bí wọ́n bá kan irin, iná yóò gba ibi tí kò yẹ kí ó gbà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní ṣọ́ọ̀tì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo àwọn òpó kéékèèké tí wọ́n fi idẹ tàbí irin ṣe. Wọ́n ń yí wọn sínú ihò tí ó wà lára àpótí, bọ́ọ̀dù á wá dúró lé wọn lórí, àyè á sì wà láàárín òun àti irin.

Àpótí kan náà máa ń gba oríṣiríṣi bọ́ọ̀dù. Ìlànà ATX tí ilé-iṣẹ́ Intel gbé jáde ní ọdún 1995 ni ó mú kí èyí ṣeé ṣe, nítorí pé ó fi ojú ibi tí ihò kọ̀ọ̀kan yóò wà lélẹ̀. Bọ́ọ̀dù ATX tí ó péye jẹ́ mìlímítà 305 ní gígùn àti 244 ní ìbú. Èyí tí ó kéré sí i, tí wọ́n ń pè ní micro-ATX, jẹ́ 244 sí 244. Nítorí náà, ihò tí ó wà lára àpótí máa ń ju èyí tí bọ́ọ̀dù kan nílò lọ. Oníṣẹ́ yóò gbé bọ́ọ̀dù sókè díẹ̀ lórí àpótí, yóò wo ibi tí ihò bọ́ọ̀dù bá ihò àpótí mu, ibẹ̀ nìkan ni yóò sì ri òpó mọ́. Bí òpó kan bá ṣẹ́kù sábẹ́ ibi tí kò sí ihò lára bọ́ọ̀dù, òpó náà yóò gún ojú òjé lẹ́yìn, ó sì di ṣọ́ọ̀tì. Bí òpó bá sì dín, apá kan bọ́ọ̀dù wà lófuurufú. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá fi agbára ki RAM bọ ibẹ̀, bọ́ọ̀dù yóò tẹ̀, òjé tí ó so ẹ̀yà mọ́ ọn sì lè sán. Àpọ̀jù ń ba nǹkan jẹ́, àìtó náà ń bà á jẹ́. Kíka ihò àti kíka òpó kí iye wọn bára mu ni àbò.

Nígbà tí ó bá wá kan gbígbé bọ́ọ̀dù wọlé, yóò dà á ní ìdagun díẹ̀, apá tí ẹnu okùn wà ni yóò kọ́kọ́ tì sínú páànù ẹ̀yìn, kí ó tó rọra tẹ́ ìyókù lé orí òpó. Kò gbọdọ̀ wọ́ ọ lórí òpó, nítorí pé orí òpó yóò ha ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù. Bí ó bá jókòó, yóò rí ihò òpó kọ̀ọ̀kan láti ojú ihò bọ́ọ̀dù.

Súkúrù ni ó kẹ́yìn. Yóò fi gbogbo wọn sí ojú ihò, yóò yí ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀, kò ní mú èyíkéyìí le títí gbogbo wọn yóò fi wọlé. Lẹ́yìn náà ni yóò máa mú wọn le ní ìdojúkọra, igun kan lẹ́yìn igun tí ó kọjú sí i. Ọmọ tí ó bá ti dúró lọ́dọ̀ fọganáísà rí ti mọ ọgbọ́n yìí, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń mú nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ le náà nìyẹn. Bí wọ́n bá mú ọ̀kan le jù ní ìbẹ̀rẹ̀, yóò fa bọ́ọ̀dù sí ẹ̀gbẹ́ kan, ihò yòókù kò sì ní bá òpó mu mọ́. Nígbà tí súkúrù bá ti dúró, kí ọwọ́ dúró. Ẹni tí ó bá ń bá a jà yóò fọ́ bọ́ọ̀dù. Oríṣi súkúrù méjì ló sì wọ́pọ̀ nínú àpótí: ọ̀kan tí ìnípọn rẹ̀ tó mìlímítà 3, àti èkejì tí ó tó bíi 3.5. Wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n ojú ìlà tí a fín sí wọn lára yàtọ̀. Èyí tí kò bá wọlé nírọ̀rùn kì í ṣe tirẹ̀. Fífi agbára yí i yóò jẹ inú òpó run.

Níkẹyìn, oníṣẹ́ yóò so okùn iná ńlá tí ó ní eyín 24, yóò so èyí tí ó ní eyín 4 tàbí 8 fún ọpọlọ kọ̀ǹpútà, yóò sì so àwọn wáyà wẹ́wẹ́ tí ó ti bọ́tìnì iwájú àpótí wá. Kí ó tó tan iná, yóò ka iye súkúrù tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé súkúrù kan tí ó bá já bọ́ sábẹ́ bọ́ọ̀dù tó láti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́.

Ìdí ni ó ń kọ́ ọwọ́

Gbogbo ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ni wọ́n lè kọ sára pátákó ìkọ̀wé ní gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì mẹ́jọ, kí ọmọ sì kọ́ wọn sórí. Ọmọ náà lè gba máàkì tí ó pé nínú ìdánwò, kí ó sì ba bọ́ọ̀dù jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Ohun tí ó fà á ni pé iṣẹ́ gidi kì í rí bí ti inú ìwé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó dé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà jẹ́ tòkunbọ̀. Ní ọdún 2005, àjọ Basel Action Network fi ìròyìn síta pé bí kọ̀ǹtánà 500 tí ó kún fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ló ń wọ Èkó lóṣooṣù, àti pé púpọ̀ nínú wọn ni kò wúlò mọ́. Nínú irú ẹrù yìí, ọ̀tọ̀ ni ibi tí àpótí ti wá, ọ̀tọ̀ ni ibi tí bọ́ọ̀dù ti wá. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Dell àti HP pàápàá ti ṣe àwọn bọ́ọ̀dù kan tí ihò wọn kò bá ìlànà ATX mu. Bí ọmọ bá bá irú èyí pàdé, ohun tí ó há sórí kò ní ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá mọ̀ pé iṣẹ́ òpó ni láti ya bọ́ọ̀dù kúrò lára irin, kí ó sì gbé e ró kí ó má tẹ̀, yóò lè ronú ohun tí ó tọ́ láti ṣe, tàbí kí ó mọ̀ pé bọ́ọ̀dù yẹn kò yẹ fún àpótí yẹn.

Ìdí kò ṣeé há sórí. Yíyé ni ó ń yé ènìyàn. Ọmọ ọdún méjìlá ní Ìkéréku tàbí ní Ẹ̀rúnmu, tí ó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú kíláàsì nìkan, lè pe orúkọ ẹ̀yà ogún láìfọ́ pọ̀ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ béèrè pé, "Tíṣà, bí òpó yìí bá ṣẹ́kù ńkọ́?", inú Yorùbá ni ìbéèrè náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí òfin kíláàsì bá ní kí ó kọ́kọ́ wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ìbéèrè náà yóò kú sọ́fun. Ìbéèrè tí ó kú sọ́fun yẹn ni bọ́ọ̀dù tí yóò bàjẹ́ lọ́la. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ju mélòó kan lọ, bọ́ọ̀dù kan tí ó bàjẹ́ lè jẹ́ òpin iṣẹ́ ọwọ́ náà fún gbogbo ọdún.

Ohun tí ìsọ̀ fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́

Kò sí ohun tuntun nínú kí Yorùbá máa kọ́ni ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Láti Mọ́níyà dé Lálúpọn, láti Ẹgbẹ́dá dé Àkànrán, Yorùbá ni àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì, wẹ́dà, rewáyà àti àwọn tí ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rẹ gbágùúdá ṣe fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, títí ọmọ yóò fi gba fíríìdọ̀mù. Ní Queen Cinema, Èkótẹ̀dó, ní ìgboro Ìbàdàn, níbi tí ọjà fóònù àti kọ̀ǹpútà fìdí kalẹ̀ sí, Yorùbá ni èdè tí ó gbòde lórí tábìlì iṣẹ́. Orúkọ ẹ̀yà lè jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ìbáwí, ìkìlọ̀, àfiwé àti ìdí ọ̀rọ̀ ń bọ̀ ní Yorùbá. Àṣà yìí ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi kà á sí ohun ìyanu mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni ó kù tí ó ń ṣe bí ẹni pé kò ṣeé ṣe.

Kì í ṣe pé ìsọ̀ pé tán. Àbùkù tirẹ̀ ni pé ọ̀gá mìíràn kì í sọ ìdí. Ohun tí ó mọ̀ kò ju "bí ọ̀gá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn" lọ. Ọmọ iṣẹ́ lè lo ọdún mẹ́ta kí ó má mọ ìdí tí wọ́n fi ní kí ó fọwọ́ kan irin àpótí. Níbi yìí ni ilé-ẹ̀kọ́ ti lè ṣe ju ìsọ̀ lọ. Ìsọ̀ ní èdè, ilé-ẹ̀kọ́ ní àlàyé. Ẹni tí ó bá pa méjèèjì pọ̀ ni yóò ṣe ọmọ lóore.

Àwọn àwíjàre tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò

Àwọn kan yóò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò. Òtítọ́ ni. Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́ pàápàá, nígbà tí ìjọba fagi lé ìlànà náà ní 2025, fi ìfìdírẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB ṣe ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ Yorùbá kò sọ pé èdè abínibí ni ó ń fa ìfìdírẹmi. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifásitì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ Ìdánwò Ọlọ́dún Mẹ́fà Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò wà lára ohun tí wọ́n fi Yorùbá kọ́. Àbájáde rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí wọ́n fi Yorùbá rọ́pò Gẹ̀ẹ́sì láìsí ìwé àti láìsí olùkọ́ tí ó gbaradì, àti kí wọ́n fi Yorùbá la ọ̀nà fún òye kí Gẹ̀ẹ́sì tó wá bá a. Ti àkọ́kọ́ lè kùnà. Ti èkejì ni Ifẹ̀ ṣe.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yà kọ̀ǹpútà. Ó yà ni lẹ́nu pé àwọn onímọ̀ èdè gan-an máa ń sọ èyí. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá ní 1984, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní 1990, iṣẹ́ tí ó wà níwájú wọn kò yàtọ̀ sí èyí. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń sọ "fáwẹ̀lì" àti "kọ́ńsónáǹtì" lẹ́gbẹ̀ẹ́ "àpólà" àti "gbólóhùn", kò sì sí ẹni tí ó sọ pé gírámà Yorùbá kì í ṣe Yorùbá mọ́ nítorí fáwẹ̀lì. Bí fáwẹ̀lì bá lè gbé inú Yorùbá, mọ́dábọ́ọ̀dù náà lè gbé e. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká, èyí tí ó ń sọ bí ó ṣe ń jókòó àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá jókòó, jẹ́ èyí tí ọmọ lóye.

Ẹ̀rù àwọn òbí ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú. Àgbẹ̀ tí ó ta gbágùúdá láti san owó ìwé ọmọ rẹ̀ ń retí pé Gẹ̀ẹ́sì ni yóò gbé ọmọ náà kúrò nínú ìṣẹ́. Kò burú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá lè to kọ̀ǹpútà kí ó sì ṣiṣẹ́ ti ní ohun kan lọ́wọ́ tí ọjà yóò san owó fún. Omatek àti Zinox, tí í ṣe ilé-iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ti to kọ̀ǹpútà pọ̀ lábẹ́ orúkọ ara wọn. Èyí fi hàn pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ti òkè òkun nìkan. Òbí tí ó bá rí i tí ọmọ rẹ̀ ń fi Yorùbá ṣàlàyé inú kọ̀ǹpútà fún un nílé yóò mọ̀ bóyá owó òun ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́.

Àwíjàre kan kù tí ó tọ́ láti gbà. Nínú àwọn ìletò oko yìí, kì í ṣe gbogbo ọmọ ni Yorùbá jẹ́ èdè abínibí rẹ̀. Ọmọ Fúlàní lè wà níbẹ̀, ọmọ àwọn tí ó wá ṣe oko láti ìpínlẹ̀ mìíràn tàbí láti Bẹ̀nẹ̀ náà lè wà níbẹ̀. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-Èdè ti 1977 ti rí èyí ṣáájú. Ìdí nìyí tí ó fi dárúkọ èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti wádìí ohun tí ó yé ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ó má kàn fi Yorùbá bo ọmọ mọ́lẹ̀ bí wọ́n ti fi Gẹ̀ẹ́sì bo ọmọ mìíràn mọ́lẹ̀.

Ohun tí ó kan ẹ̀ka Yorùbá

Fífagi tí ìjọba fagi lé ìlànà kan kò sọ pé kí Yorùbá kúrò nínú tábìlì ẹ̀kọ́. Yorùbá ṣì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́, olùkọ́ rẹ̀ sì ní wákàtí tirẹ̀ nínú kíláàsì. Inú wákàtí yẹn ni iṣẹ́ ti lè bẹ̀rẹ̀, láìrú òfin kankan.

Èkíní, àròkọ ajẹmọ́-ìṣípayá wà nínú sílébọ́ọ̀sì. Ọdọọdún ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ ní orí-ọ̀rọ̀ bíi bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀kọ tàbí bí wọ́n ṣe ń dá oko iṣu. Àwọn orí-ọ̀rọ̀ yìí dára, kí wọ́n má ṣe kúrò. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ Ajé, kí ni ó dé tí olùkọ́ Yorùbá kò fi ní ní kí ó kọ ọ́ ní Yorùbá ní ọjọ́ Ọjọ́rú? Ẹni tí ó bá kọ àlàyé tí ó tò tẹ̀lé ara wọn lórí bí bọ́ọ̀dù ṣe ń jókòó ti tún iṣẹ́ náà ṣe nínú ọkàn rẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ yóò sì hàn lójú ìwé kí ó tó hàn lára ẹ̀rọ.

Èkejì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ ẹ̀ka Yorùbá àti ti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà jọ jókòó kí wọ́n tó lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Kí ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ sọ iṣẹ́ náà, kí ẹni tí ó mọ èdè bi í ní ìdí, kí wọ́n sì jọ kọ ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan. Olùkọ́ Yorùbá kò ní láti di oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Bíbéèrè títí ọ̀rọ̀ yóò fi yé ara rẹ̀ ni ipa tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí àkójọ ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu àwọn oníṣẹ́. Bí oníṣẹ́ bá ti ní ọ̀rọ̀ kan tí ó ń lò, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní àkọtọ́ tí ó tọ́, kí wọ́n má sì fi ọ̀rọ̀ àhunpọ̀ inú yàrá ọ́fíìsì lé e kúrò. Ibi tí kò bá ti sí ọ̀rọ̀ ni kí wọ́n tó wá irú èyí tí yóò sọ iṣẹ́ nǹkan náà, gẹ́gẹ́ bí "òpó" ti sọ ọ́ nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Ẹ̀kẹrin, kò pọn dandan kí wọ́n fi ẹ̀rọ tí ó wà láàyè kọ́ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìsọ̀ àwọn oníṣẹ́ kún fún bọ́ọ̀dù tí ó ti kú àti àpótí òfìfo. Ihò ara bọ́ọ̀dù tí ó ti kú kò yí padà. Ọmọ lè ka òpó, kí ó gbé bọ́ọ̀dù lé e, kí ó yí súkúrù, kí ó sì tú u palẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá láìba ohunkóhun jẹ́. Ọwọ́ tí ó bá ti mọ̀ ọ́n lórí èyí tí ó kú kò ní gbọ̀n nígbà tí ó bá dé orí èyí tí ó ń ṣiṣẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

Ìjọba lè gbé ìlànà kalẹ̀ lónìí kí ó sì gbé e kúrò lọ́la. Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín 2022 sí 2025 ti fi hàn bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò yí padà ni pé ọmọ kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó jìnnà sí ìgboro, tí wọ́n gbé bọ́ọ̀dù kan lé lọ́wọ́, tí kò sì sí òmíràn lẹ́yìn ìyẹn. Olùkọ́ tí ó dúró tì í ni yóò pinnu bóyá ọmọ náà yóò mọ ohun tí ó ń ṣe tàbí yóò kàn máa ka orúkọ ẹ̀yà. Kò sí òfin tí ó ní kí olùkọ́ Yorùbá má ṣe lọ́wọ́ nínú ìyẹn. Kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni má ṣe dúró de ìlànà tuntun kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo, tí ẹ̀ka méjì jọ kọ, tó láti fi ṣe ìpìlẹ̀ ní sáà ẹ̀kọ́ tí ó ń bọ̀.